Ìbọn mélòó ni kí n gbé lọ sí Limpopo àti Nàmíbíà?

Ọmọ_Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé iwájú yín torí ó ti fẹ́ dà mí lórí rú. Mo ti sanwó ọdẹ, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ku oṣù mẹ́ta. Johannesburg ni màá kọ́kọ́ balẹ̀ sí, wọ́n á fi mọ́tò gbé mi láti ibẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Limpopo, ní Gúúsù Áfíríkà níbẹ̀ náà, fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà màá padà wá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Windhoek, ọjọ́ 5 ni mo ní ní Nàmíbíà. Ẹran tó wà lórí ìwé mi ní Limpopo ni ìmpálà, kúdù, wildebeest kan àti ìmàdò. Ní Nàmíbíà, springbok tó kéré, hartebeest àti oryx tó tóbi. Ọ̀gá ọdẹ tó ń dúró dè mí ní Limpopo tún ń fi ẹfọ̀n kan wá ojú mi, ó ní tí mo bá débẹ̀ tó bá wù mí ká jọ sọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì tíì sọ pé rárá.

Ìbọn mẹ́ta ni mo ní tó ṣeé gbé jáde (nọ́ńbà wọn ni kálíbà, ìyẹn bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó): .243, .300 Win Mag àti .375 H&H. Èrò mi ni pé kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, .243 fún àwọn kéékèèké, .300 fún àwọn tó tóbi díẹ̀, .375 nítorí ẹfọ̀n. Ìyàwó mi wo àpótí ó ní ṣé ogun ni mò ń lọ jà ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bínú tí ẹlòmíràn bá ti béèrè irú ẹ̀ rí.

Ìbọn_Kan_Péré

Ọ̀kan. .375 náà ni. Àwọn méjì tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn nílé.

Kí ẹ má baà ní mo kàn sọ̀rọ̀ ṣákálá, ọdún 1912 ni .375 H&H jáde, kò sí ẹran kankan lórí ìwé yín yẹn tí kò tíì pa rí, kó tó wá kan erin. Ọta 300 grain rẹ̀ (grain ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó) kì í sáré bíi ti .300 Win Mag, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ba ẹran jẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Á gba ìhín wọlé á gba ọ̀hún jáde, ẹran á lọ síwájú díẹ̀ á ṣubú. Mo ti fi yin ìmpálà, ihò tó dá sí i lára kéré ju èyí tí .300 ọ̀rẹ́ mi dá sí tiẹ̀ lára lọ.

Olóhun_Méjì

Ẹ̀gbọ́n Ìbọn_Kan, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo mọ̀ pé ẹ máa débí kí n tó dé 😀

Ọmọ_Ìgbẹ́, méjì ni o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìbọn kan ni èmi náà gbé lọ, mo ń ṣe bí ọkùnrin. Ọjọ́ kẹta, kúdù tó dáa jù tí mo rí láyé mi dúró sí nǹkan bíi mítà 120, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, mo fara balẹ̀, mo fà á, ó ní kẹ́. Kẹ́ lásán. Mo fa bólútì, irin tó ń ti ọta wọlé, mo tì í padà, kẹ́. Kúdù wò wá, ó rọra lọ. Abẹ́rẹ́ inú bólútì, èyí tó máa ń lu ìdí ọta, ló ti ṣẹ́. Ìbọn tí mo ti ń lò fún ọdún mọ́kànlá tí kò yà mí lẹ́nu rí o. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ìbọn ọmọ ọ̀gá ọdẹ ni mo fi ṣe é, ìdí rẹ̀ kúrú lápá mi bíi pé ìbọn ọmọdé, awò orí rẹ̀, tí wọ́n fi ń wo ẹran, sì ti ń ṣú. Látìgbà yẹn, méjì.

Ìbọn_Kan_Péré

Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín yẹn ti mí lẹ́yìn gan-an ni. Ìbọn ṣẹ́, wọ́n yá yín lóhun tí ẹ lò, ẹ parí ọdẹ. Ẹ pa kúdù àbí ẹ ò pa?

Olóhun_Méjì

Mo pa. Kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn.

Ìbọn_Kan_Péré

Ẹ ṣeun.

Ẹ tún jẹ́ kí n bi yín, ìbọn méjèèjì tí ẹ ń gbé báyìí, inú àpótí mélòó ló ń wà? Tó bá jẹ́ ọ̀kan, á jẹ́ pé ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù jù kọ́ lẹ ń dènà. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kì í ṣe nǹkan ojoojúmọ́. Àpótí tí ọkọ̀ òfurufú gbé lọ síbòmíràn ńkọ́? Tèmi lọ fi ọjọ́ mẹ́ta gbafẹ́ ní ìlú tí mi ò dé rí. Ká ní mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá bá a lọ.

Ọmọ_Ìgbẹ́

Ha. Èyí ò wá sí mi lọ́kàn rí o. Lóòótọ́ inú àpótí kan ni mo fẹ́ kó wọn sí.

Olóhun_Méjì

Ìyẹn ní oògùn. Ẹni méjì ló máa ń jọ rìn. Ọ̀rẹ́ mi á fi ọ̀kan nínú tèmi sínú àpótí tiẹ̀, èmi náà á fi ọ̀kan nínú tiẹ̀ sínú tèmi, tí àpótí kan bá sọnù olúkúlùkù ṣì ní ìbọn kan lọ́wọ́.

Baba_Ìwé

Dúró dúró dúró. Olóhun_Méjì, má fi ìyẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìbọn tó bá wà nínú àpótí tó ní orúkọ rẹ lára, tí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn ní kántà pé tìrẹ ni, tí nọ́ńbà rẹ̀ ò wá sí lórí ìwé tìrẹ, kí lo fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá? Ẹ ti ń mú un jẹ ni, ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀ máa bẹ́. Olúkúlùkù kó gbé ohun tó jẹ́ tiẹ̀.

Ọmọ_Ìgbẹ́, gbọ́ mi dáadáa, torí gbogbo àwọn tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹran ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó wo tábìlì tó o máa kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, fọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ SAPS 520, ti àwọn ọlọ́pàá wọn ni, òun lo máa fi gba àṣẹ láti gbé ìbọn wọlé fúngbà díẹ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀: ẹni tó ṣe é, kálíbà, nọ́ńbà ara ẹ̀, iye ọta. Báírò dúdú ni kó o fi kọ ọ́, má sì fọwọ́ sí i nílé, iwájú ọlọ́pàá ibẹ̀ lo ti máa fọwọ́ sí i. Wà á fi ìwé ìpè ọ̀gá ọdẹ rẹ sí i, lẹ́tà tó ń sọ ìdí tó o fi ń gbé e bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀rí pé ìwọ lo ni ìbọn. Àwọn tó ń gbéra láti Amẹ́ríkà, Form 4457 ti kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò fún ẹ̀rí yẹn, kí wọ́n gbà á kí wọ́n tó kúrò nílé torí òṣìṣẹ́ máa fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí ìbọn kó tó lu òǹtẹ̀.

Wàyí o. Ìbọn mẹ́ta, ìlà mẹ́ta. Ọlọ́pàá á ṣí àpótí, á ka nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi wé ìwé. Tí ò bá ṣe pẹ́ẹ́, tó o kọ 8 níbi tó yẹ kó jẹ́ B, o ti wà níbẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ tó wá gbé ọ ń dúró níta. Nígbà tó o bá ń kúrò ní Johannesburg lọ sí Windhoek, wọ́n tún máa wò ó. Ní Windhoek, àwọn náà á kọ ìwé tiwọn fún ọ ní pápákọ̀ òfurufú Hosea Kutako. Tó o bá ń padà bọ̀ tó o bá tún gba Johannesburg kọjá, ńkọ́? Tó bá jẹ́ ibòmíràn lo ti máa yí ọkọ̀ padà, orílẹ̀-èdè yẹn náà lófin tiẹ̀ lórí ìbọn tó kàn ń kọjá. Ka iye ìgbà tí ìyẹn jẹ́, kó o wá fi ìbọn mẹ́ta lọ́nà ẹ̀.

Ohun kan tí mo tún ti rí tó pa àwọn èèyàn lẹ́kún: Gúúsù Áfíríkà kì í jẹ́ kí ọdẹ kan gbé ìbọn méjì tó jẹ́ kálíbà kan náà wọlé. Ẹni tó bá ní òun á gbé .30-06 méjì, kí ọ̀kan jẹ́ àrọ́pò èkejì, kò sí nínú ìwé wọn. Ọta, 200 fún ìbọn kan ni kò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn ò lè ni ẹ́ lára.

Ọta_Níye

Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ọta, ọkọ̀ òfurufú ló máa kọ́kọ́ dá yín dúró, kí 200 tó dá yín dúró. Kílò 5 ni wọ́n ń gbà fún ẹnì kan, pẹ̀lú páálí ẹ̀, ẹ ò sì lè sọ pé ti ẹnì kejì yín ni ẹ fi kún un. Mo gbé tèmi sórí ìwọ̀n: ọta .375 kan tó jẹ́ 300 grain tó nǹkan bíi gíráàmù 42, .300 Win Mag tó 33, .243 tó 20. Tí ẹ bá kó 40-40 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti sún mọ́ kílò 4 kí ẹ tó ka páálí, tí ẹ bá wá ní ẹ fẹ́ fi ogún sólíìdì (ọta tí orí ẹ̀ kì í fẹ̀) kún ti .375 nítorí ẹfọ̀n, ó ti kọjá. Ìbọn kan, 60 ọta .375, kílò méjì àbọ̀, ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Kí lẹ fẹ́ fi 120 ọta ṣe gan-an? Ẹran 7 ni ẹ kà fún wa. Ká ní méjì méjì lẹ yìn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 14. Ẹ yẹ ojú ìbọn wò lórí bébà ní Limpopo, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Nàmíbíà, ká ní 10. Ẹ wá ju ìdajì mìíràn lé e nítorí ẹ̀rù. Kò tíì tó 40.

Ó tún ku ti àpótí. Ìbọn kan pẹ̀lú awò, kílò 4 sí 4 àbọ̀. Àpótí gidi tó le, tó gba àgádágodo, tó gba ìbọn méjì, á tó 7 sí 9. Ẹ ka mẹ́ta fúnra yín, ẹ fi wé kílò 23 tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà.

Ọmọ_Ìgbẹ́

Mo lọ gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àpótí, 24.6. Mi ò tíì kó àgádágodo sí i.

Awò_Fọ́

Kí n dá sí i. Gbogbo yín ń pariwo ìbọn ìbọn, ẹ wo orúkọ mi. Nínú ìrìn àjò mẹ́fà, ìbọn mi ò ṣe nǹkankan rí, àmọ́ awò ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, àmì inú ẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ibi tí wọ́n ti ju àpótí sílẹ̀ ni, mo rí i pé àgbélébùú yẹn dà bí ẹni tó mutí. Ìkejì, ìkùukùu wọnú ẹ̀ lọ́jọ́ tí òtútù mú láàárọ̀, kò sì jáde mọ́. Awò kejì tí mo ti so mọ́ òrùka tó ṣeé tú, tí mo ti yẹ̀ wò sórí ìbọn yẹn gan-an kí n tó kúrò nílé, òun ló yọ mí. Kò tó kílò kan. Kò sí fọ́ọ̀mù fún un, kò sí ọlọ́pàá tó máa bi yín léèrè nọ́ńbà ẹ̀, ẹ sì lè gbé e sínú báàgì ọwọ́, kó má sí níbi tí àpótí wà.

Tí mo bá jẹ́ yín, ìbọn kan, awò méjì. Kí ẹ má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ẹ máa fi tú òrùka yẹn, mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé ẹ̀ (èmi ni).

Ìyá_Ẹfọ̀n

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnìkankan nínú wọn o, torí ọwọ́ òsì ni mo fi ń yìnbọn. Nígbà tí wọ́n bá ní "ẹ yá ti ọ̀gá ọdẹ", ta ni fẹ́ yá mi? Nínú bùdó mẹ́wàá, kò sí ẹyọ kan tó ní bólútì ọwọ́ òsì. Mo tún kúrú lápá, ìdí ìbọn tó bá ọkùnrin mu máa ń há mi ní abíyá nígbà tí mo bá sáré gbé e sókè. Fún irú mi, méjì ni, mi ò ní jiyàn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń yìn, tí ara rẹ jẹ́ ara gbogbo ayé, ìbọn àrọ́pò ti wà ní bùdó kó o tó débẹ̀. Òfin Gúúsù Áfíríkà gbà kí o lo ìbọn oníbọn tí ẹni tó ni ín bá dúró tì ọ́. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, má dúró dìgbà tó o bá débẹ̀: ìbọn wo lẹ ní, kálíbà wo, ìgbà wo lẹ yẹ ojú ẹ̀ wò kẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ yí ọ po nípa fọ́tò yẹn, o ti mọ irú ìbọn tó ní.

Ní ti .243, ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ nípa joule?

Ọmọ_Ìgbẹ́

Rárá mà. Kí ni joule ṣe?

Ìyá_Ẹfọ̀n

Nàmíbíà ní òṣùwọ̀n. Agbára tí ọta gbọ́dọ̀ ní bó ṣe ń kúrò lẹ́nu ìbọn, joule ni wọ́n fi ń kà á. Springbok, 1350. Àwọn bíi hartebeest, kúdù àti oryx, 2700. Ẹfọ̀n àti erin, 5400. Ọta .243 tó jẹ́ 100 grain, èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ọdẹ, nǹkan bíi 2640 ló ń ní. Kò wọlé. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ kò wọlé. Nínú ẹran mẹ́ta tó o ní ní Nàmíbíà, springbok nìkan ni agbára rẹ̀ tó, o fẹ́ gbé ìbọn kan la òkun kọjá nítorí springbok kan. .300 rẹ ń lọ sí bíi 4700, .375 ń kọjá 5700, méjèèjì gba gbogbo ohun tó wà lórí ìwé rẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìbọn kálíbà 9.3x62 náà, ẹ fetí sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí kì í sábà dé 5400, ẹ má gbé e lọ wo ẹfọ̀n Nàmíbíà.

Ọmọ_Ìgbẹ́

.243 ti jáde nìyẹn. Mo ti dá a padà síbi tó ti wá. Ó ku méjì.

Ọlọ́pọ̀_Ẹnu

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Blaser, ìbọn tó ṣeé pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀? R8 wọn ni mò ń lò, ìdí kan, ọ̀pá méjì, mo tú u mo dì í lórí tábìlì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, .300 láàárọ̀, .375 lọ́sàn-án, awò kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀pá tiẹ̀. Ìbọn kan lẹ gbé o, méjì lẹ ní. Àpótí kékeré. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń jà.

Baba_Ìwé

Ó dáa púpọ̀, ìbọn gidi ni. Àmọ́ má sọ pé ìbọn kan lo gbé. Nínú òfin ìbọn Gúúsù Áfíríkà, Act 60 ti ọdún 2000, ọ̀pá ìbọn fúnra ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ẹ̀yà ìbọn, ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ìlà méjì ni wà á kọ. O dín ẹrù kù, o ò dín ìwé kù.

Ọlọ́pọ̀_Ẹnu

Mo kọ ìlà méjì, bàbá. Mo kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ ṣe fọ́ńté ni.

Olóhun_Méjì

Mo rí i pé ẹ ti ń fà á lọ sí ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Nàmíbíà kì í ṣe Limpopo o. Limpopo, inú igbó ni, mítà 80, 100, 150, .375 á ṣe é. Nàmíbíà, ilẹ̀ gbalasa ló pọ̀ níbẹ̀, springbok á dúró sí 250, 300, á máa wò yín bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. .375 tí ẹ bá yẹ̀ wò sí mítà 200, tó bá ti di 300 ọta ti wálẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹran kékeré yẹn, 30 sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo àyà ẹ̀. Ẹ gbé .300 fún Nàmíbíà, .375 fún Limpopo, méjì, gbogbo ẹ̀ á rọrùn.

Ìbọn_Kan_Péré

Tàbí kó rìn sún mọ́ ọn. Mo rò pé ọdẹ là ń ṣe.

Olóhun_Méjì

Ẹ rìn sún mọ́ springbok nínú ilẹ̀ tí ò ní igi kan, ẹ padà wá sọ fún mi.

Ìbọn_Kan_Péré

Mo ti ṣe é. Àyà ni mo fi wọ́ ọ. Orókún mi ò tíì dárí jì mí.

Ọta_Níye

Ẹ yéé. Ọmọ_Ìgbẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ ti yìn sí mítà 300 rí láti orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Kì í ṣe orí tábìlì o. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ yẹn, ìdúró lẹ máa wà, ìbọn á wà lórí igi, ọ̀gá ọdẹ á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí yín létí pé kí ẹ yìn, àyà yín á máa lù kìkì. Tí ẹ ò bá tíì ṣe é rí, mítà 300 yẹn ò kan yín, ìbọn yòówù kẹ́ ẹ gbé. Ẹran tó bá fara gbọta tó sá lọ, ẹ máa sanwó ẹ̀ náà ni bí ẹni pé ẹ rí i gbé.

Ọmọ_Ìgbẹ́

Kí n má purọ́. 180 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà ẹ̀ láti orí igi. 200 tí afẹ́fẹ́ ò bá sí. 300, tábìlì ni.

Ọta_Níye

Ìdáhùn ti dé nìyẹn ná. Tó bá jẹ́ 200 ni òpin yín, .375 àti .300 ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú ẹran.

Awò_Fọ́

Ẹ jẹ́ kí n wá yí i padà: tó bá jẹ́ ọ̀kan ló fẹ́ gbé, kí ló dé tí kò fi jẹ́ .300? Ẹran méje, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó nílò .375. Ẹfọ̀n yẹn, bóyá ni. Tí ẹfọ̀n bá wá ṣẹlẹ̀, kó yá .375 ọ̀gá ọdẹ. Á gbé ìbọn tó fúyẹ́ sí i, tí kì í gbá èèyàn léjìká bẹ́ẹ̀.

Èmi gan-an, ohun tí màá ṣe nìyẹn.

Ìyá_Ẹfọ̀n

Awò_Fọ́, mo gbọ́ ọ, ó sì bọ́gbọ́n mu lórí bébà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìbọn tí èèyàn lè yá láìsí wàhálà ni ti ìmpálà. O ṣì í, o rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wá òmíràn. Èyí tí ò yẹ kéèyàn yá ni ti ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n tó bá ti fara gbọta tó wọnú igbó, ẹ máa wọ̀ ọ́ tọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tó ń ti ìbọn pa wà láìwò ó, kó o mọ bí bólútì yẹn ṣe ń rìn, kó o lè yìn lẹ́ẹ̀kejì kó o tó mọ̀ pé o ti yìn. Ìbọn àyálò, ìbọn tó o ti yìn ẹ̀ẹ̀mẹta lórí bébà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wà lọ́wọ́ rẹ ni, kò tíì di tìrẹ. Mo ti dúró níwájú koríko tó ga jù mí lọ, tí ohun kan ń mí nínú ẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé n ò ní láti máa ronú nípa ìbọn.

Nítorí náà má fi iye ìbọn bẹ̀rẹ̀. Fi ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀. Dáhùn rẹ̀ nílé kó o tó kọ fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí "bóyá" tó o mọ̀ nínú ara rẹ pé bẹ́ẹ̀ ni, .375 ni, kó o sì fi pa gbogbo àwọn tó kù, ìmpálà, ìmàdò, gbogbo wọn, kí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ẹfọ̀n tó dé. Tó bá jẹ́ rárá gidi, gbé .300, kó o sọ fún ọ̀gá ọdẹ pé rárá ni, kó má wulẹ̀ fi í lọ̀ ọ́ mọ́. Ìbọn méjì tí mò ń gbé, ọwọ́ òsì ló fà á.

Awò_Fọ́

Mo gbà. Mi ò tíì pa ẹfọ̀n rí, mi ò ní jiyàn ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń jẹ́ Ìyá_Ẹfọ̀n.

Olóhun_Méjì

Èmi ò gbà, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ_Ìgbẹ́, tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, ẹ má pè mí.

Tàbí kí ẹ kúkú ra abẹ́rẹ́ àrọ́pò àti sípíríǹgì ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì gbà á. Ìyẹn ni mi ò mọ̀ lọ́jọ́ kúdù.

Ọmọ_Ìgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo pe ọ̀gá ọdẹ Limpopo lánàá, a sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú mítà 150 ni àlejò òun ti ń yìnbọn. Ó ní òun ní .30-06 kan àti .375 kan ní bùdó, mo ní kó ya fọ́tò wọn fún mi bí Ìyá_Ẹfọ̀n ṣe wí, ó fi ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun pẹ̀lú bébà tó yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ihò mẹ́ta tó ń fẹnu konu. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ti Nàmíbíà náà ní .308 kan nílẹ̀.

Ti ẹfọ̀n, mo jókòó ti ìyàwó mi, mo bi í léèrè, ó ní "ṣé o rò pé mi ò mọ̀ látọjọ́ tó o ti ra .375 yẹn ni?" Ó dáhùn ẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Mo ti fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́.

.375 nìkan ni mò ń gbé. Awò kejì wà lórí òrùka tiẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ọwọ́ (Awò_Fọ́, ẹ kú iṣẹ́). Abẹ́rẹ́ àrọ́pò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọta 60, sólíìdì 15 nínú ẹ̀. Àpótí mi gba ìbọn kan báyìí, pẹ̀lú gbogbo nǹkan, kílò 11.8. Láti ọ̀la lọ màá máa lọ síbi ìyìnbọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò sí tábìlì.

Baba_Ìwé

SAPS 520 ńkọ́?

Ọmọ_Ìgbẹ́

Mo kọ ọ́ lálẹ́ àná bàbá, báírò dúdú. Ìlà kan péré. Mo ka nọ́ńbà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyàwó mi bá mi kà á lẹ́ẹ̀karùn-ún, B ni, kì í ṣe 8. Mi ò tíì fọwọ́ sí i.